Pípààrọ̀ Fóònù: Ẹrù Ta Ni Ó Wà Nínú Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ ní agbègbè Mowe, Ibafo àti Ifo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

 



Kò sí ẹni tí ń gbé ní Mowe tàbí ní Ibafo tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún bí ènìyàn ṣe ń kó lọ sí ilé tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lónìí, láti Èkó ni wọ́n ti kó wá, nítorí pé owó ilé àti owó ilẹ̀ kò wọ́n níhìn-ín tó bí ó ti wọ́n níbẹ̀. Bákan náà ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ará Ifo, ní ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó bá ti kó ẹrù rí mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ náà kò parí sí orí gbígbé àga àti bẹ́ẹ̀dì sínú ọkọ̀. Ó ní láti wo orí àjà àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní láti dá ìkòkò tí ó yá lọ́wọ́ aládùúgbò padà. Ó ní láti jẹ́ kí àwọn tí ń wá a mọ ibi tí ó ń lọ, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè jókòó sínú ilé tuntun tán kí ó tó rántí pé ìwé ilẹ̀ bàbá òun ṣì wà ní orí àjà ilé àtijọ́, nígbà tí ayálégbé mìíràn sì ti wọ ibẹ̀.

Irú kíkó mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ṣe lónìí láìronú jinlẹ̀: kíkó kúrò nínú irú fóònù kan bọ́ sínú irú mìíràn, pàápàá láti Android sí iPhone, tàbí láti iPhone padà sí Android. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ṣe é, níwájú tábìlì olùtà, pẹ̀lú ẹ̀rín àti àwàdà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni ẹkún máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo Mùsùlùmí bi ara rẹ̀ kí ó tó ṣe irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí: ẹrù ta ni ó wà nínú fóònù tí mo fẹ́ fi sílẹ̀?

OHUN TÍ Ó Ń DARÍ FÓÒNÙ

Nínú gbogbo fóònù ìgbàlódé ni ètò kan wà tí ó jẹ́ olórí fún gbogbo ètò yòókù. Òun ni ó ń jí nígbà tí a bá tan fóònù. Òun ni ó ń pàṣẹ fún kámẹ́rà, fún síìmù àti fún ibi ìpamọ́. Láìsí i, fóònù kò yàtọ̀ sí awẹ́ dígí. Òun ni à ń pè ní ètò ìdarí níhìn-ín.

Méjì ni ó gbajúmọ̀ jù lọ ní ayé lónìí. Èkíní ni Android, tí iléeṣẹ́ Google ń bójú tó. Òun ni ó wà nínú Tecno, Infinix, Samsung, Redmi àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù mìíràn tí ó kún inú àwọn ṣọ́ọ̀bù wa. Èkejì ni iOS ti iléeṣẹ́ Apple, tí kò sí nínú fóònù mìíràn àfi iPhone nìkan. iPhone àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2007. Fóònù Android àkọ́kọ́ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2008.

Àwọn ètò méjèèjì yìí dà bí onílé méjì tí ilé wọn kọjú sí ara wọn, ṣùgbọ́n tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan kò lè ṣí ilẹ̀kùn èkejì. Ẹni tí ó bá fi owó ra áàpù kan lọ́dọ̀ Google kò lè gbé e wọ ọ̀dọ̀ Apple. Bí ó bá fẹ́ ẹ níbẹ̀, yóò tún un rà. Ẹ̀dà ìpamọ́ tí WhatsApp ń ṣe lórí Android, ọ̀dọ̀ Google ni ó ń gbé e lọ. Èyí tí ó ń ṣe lórí iPhone, inú iCloud ti Apple ni ó ń lọ. Ọ̀kan kò sì lè lo ti èkejì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Wọ́n rò pé bí síìmù bá ti wọ inú fóònù tuntun, gbogbo ẹrù ti tẹ̀ lé e nìyẹn. Síìmù kò gbé ju nọ́ńbà ẹni àti ìwọ̀nba orúkọ díẹ̀ lọ. Àwòrán, ohùn, àdéhùn àti àkọsílẹ̀ gbèsè, ibòmíràn ni wọ́n wà.

ÀWỌN ILÉ TÍ Ó TI DAHORO

Kíkó láti inú ètò ìdarí kan sí òmíràn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001, Nokia ni ó gba ìgboro kan. Lẹ́yìn náà ni BlackBerry dé. Ní nǹkan bí ọdún 2010 sí 2013, ọ̀dọ́ tí kò ní BlackBerry dà bí ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Nọ́ńbà PIN ni àwọn ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn dípò nọ́ńbà fóònù. Lórí BBM ni wọ́n ti ń dá ọjọ́ ìpàdé, tí wọ́n sì ti ń fi àwòrán ìgbéyàwó àti ti ìsọmọlórúkọ ránṣẹ́. Àwọn kan ń ná owó oúnjẹ wọn sórí rẹ̀.

Níbo ni gbogbo rẹ̀ wà lónìí? Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2017, WhatsApp dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí Nokia tí ó ń lo Symbian S60. Nígbà tí ọdún 2017 náà parí, ó kúrò lórí BlackBerry. Nígbà tí ọdún 2018 parí, ó kúrò lórí Nokia S40. BBM tí gbogbo ayé ń lò kógbá sílé ní ọjọ́ 31 oṣù Kàrún-ún ọdún 2019. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, iléeṣẹ́ BlackBerry dá iṣẹ́ dúró fún gbogbo fóònù tí ó ń lo ètò ìdarí tirẹ̀, tí kò fi sí ìdánilójú mọ́ pé irú fóònù bẹ́ẹ̀ yóò lè pe ènìyàn tàbí kí ó gba ìpè.

Àwọn tí ó tètè kó ẹrù wọn jáde kò pàdánù púpọ̀. Àwọn tí ó dúró títí ilẹ̀kùn fi tì, àwòrán ọmọ wọn àti ọ̀rọ̀ àwọn òbí wọn wà nínú fóònù tí kò wúlò mọ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé kò sí orúkọ fóònù kan tí ó tó ohun tí ènìyàn ń fi yangàn sí ọmọnìkejì rẹ̀. BlackBerry tí wọ́n fi ń yangàn lánàá ni àwọn ọmọdé fi ń ṣeré lónìí. Èkejì ni pé ilé lè wó, ṣùgbọ́n ẹrù kò gbọdọ̀ bá a lọ. Ọgbọ́n kíkó ẹrù ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́, nítorí pé láìpẹ́ láìjìnnà, olúkúlùkù ni yóò tún kó.

KÍ NI Ó Ń LÉ ÈNÌYÀN KÚRÒ?

Ìdí rere wà tí ènìyàn fi lè pààrọ̀ fóònù. Ó lè jẹ́ pé èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbó débi pé kò gba àtúnṣe ààbò mọ́, tí áàpù báńkì sì ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ayàwòrán tàbí aránṣọ ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ kámẹ́rà tí ó dára. Ó lè jẹ́ pé iPhone ni ó ń lò, tí owó títún ojú rẹ̀ ṣe nígbà tí ó fọ́ kọjá agbára rẹ̀, tí ó sì rí i pé Android tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n yóò ṣe iṣẹ́ kan náà fún òun. Kò sí ẹni tí yóò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí kì í ṣe rere. Ọ̀dọ́ kan yóò rí iPhone lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, oorun kò ní kùn ún mọ́. Kò sí ohun tí Android ọwọ́ rẹ̀ kò lè ṣe fún un, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí àmì èso áápù hàn nínú dígí nígbà tí ó bá ń ya ara rẹ̀ ní àwòrán. Nítorí èyí, yóò lọ yá owó èlé tí ẹ̀sìn kọ̀, nínú àwọn áàpù tí ń yáni lówó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Gbogbo ará Nàìjíríà ni ó mọ ìtìjú tí ó ti ti inú àwọn áàpù wọ̀nyí jáde. Bí gbèsè bá ti pẹ́ díẹ̀, àwọn kan nínú wọn a máa fi ọ̀rọ̀ èébú ránṣẹ́ sí ọ̀gá iṣẹ́, àna àti ìmáàmù ẹni tí ó jẹ gbèsè, nítorí pé wọ́n ti kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀. Nítorí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, FCCPC, fi gbé ìlànà jáde fún wọn ní ọdún 2022. Ní ọdún 2023, Google náà ṣe é ní òfin pé áàpù ayánilówó kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù mọ́. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí wọ́n bú wọ̀nyẹn kò yá owó kankan. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù ẹlòmíràn lọ. Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó ń lọ.

ẸRÙ ẸNI ÀTI ẸRÙ ONÍẸRÙ

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo arábìnrin kan tí ó jẹ́ akápò fún ẹgbẹ́ kékeré kan ní Ibafo. Ogún ènìyàn ni ó ń dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà jọ lóṣooṣù, kí wọ́n lè fi ran ẹni tí ó bá bímọ tàbí tí ó bá ṣàìsàn lọ́wọ́. Àwọn kan ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì. Àwọn mìíràn, bí i ìyá opó kan tí ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà, ń mú owó wá lọ́wọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ìyá yìí bá san owó, arábìnrin náà a kọ ọ́ sínú WhatsApp tirẹ̀, ní ibi tí ènìyàn ti lè kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Kò sí ìwé mìíràn.

Ní ọjọ́ kan, ó fi Android rẹ̀ àti owó díẹ̀ gba iPhone tòkunbọ̀. Olùtà fọ́máàtì Android náà lójú ẹsẹ̀, ó sì gbé e sórí àtẹ. Arábìnrin náà dé ilé, ó ki síìmù bọ inú fóònù tuntun, ó ṣí WhatsApp. Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà jáde, ṣùgbọ́n inú wọn ṣófo. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ sí ara rẹ̀ kò sí níbì kankan.

Ní ìparí oṣù, ìyá opó wá. Ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn.

Ó ní, “Ọmọ mi, mo ti san oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ bá mi wò ó.”

Arábìnrin náà wo ojú fóònù rẹ̀, kò rí nǹkan kan wò. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé oṣù méje ni, ṣùgbọ́n kò lè búra. Kò jalè, kò sì parọ́. Síbẹ̀, ìyá yẹn kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, àwọn tí ó gbọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo akápò náà pẹ̀lú ojú mìíràn. Ohun tí ó ti gbà á ní ọdún mélòó kan láti kọ́, èyí tí í ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé, wó ní alẹ́ ọjọ́ kan nítorí pé kò béèrè ohun tí ó wà nínú fóònù kí ó tó fi í sílẹ̀.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àkọsílẹ̀. Áyà tí ó gùn jù lọ nínú Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, tí ó wà nínú Súúrà Bákárà, ọ̀rọ̀ gbèsè àti kíkọ ọ́ sílẹ̀ ni ó dá lé lórí. Bí kíkọ bá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, títọ́jú ohun tí a kọ náà ṣe pàtàkì. Ohun tí ẹlòmíràn bá fi sí ọwọ́ ènìyàn, àgbàfipamọ́ ni, èyí tí àwọn àáfà ń pè ní amaanah. Kò sí ìyàtọ̀ bóyá inú àpótí ni ó fi pamọ́ sí tàbí inú fóònù.

Kí wá ni àgbàfipamọ́ inú fóònù? Àkọsílẹ̀ owó ni, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i. Nọ́ńbà àwọn ènìyàn ni. Àwòrán tí arábìnrin kan fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin láìbo orí ni, nítorí pé ó gbà pé ojú ọ̀rẹ́ òun nìkan ni yóò rí i. Èsì àyẹ̀wò ìwòsàn tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ sí àbúrò ni. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya tí ó wá gba ìmọ̀ràn ni. Ohùn bàbá tí ó ti kú ni, tí àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù kò ní ẹ̀dà rẹ̀. Nínú gbogbo wọ̀nyí, méjì ni ẹ̀bi tí ènìyàn lè jẹ: kí ó sọ wọ́n nù, tàbí kí ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò yẹ.

BÍ A ṢE Ń KÓ ẸRÙ LÁÌFỌ́ ÌKÒKÒ

Èkíní: Kí fóònù àtijọ́ má ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni ní ọjọ́ tí tuntun dé. Kí méjèèjì jọ wà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Bí owó tí yóò ti inú àtijọ́ jáde ni ènìyàn fẹ́ fi kún ti tuntun, kí ó ní sùúrù títí yóò fi kó ẹrù rẹ̀ tán. Owó tí kò lè dúró ọ̀sẹ̀ méjì ni ó máa ń ná ènìyàn ní ohun tí owó kò lè rà.

Èkejì: Kí ènìyàn rí i dájú pé inú àkọọ́ǹtì Google ni gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ wà, kì í ṣe inú fóònù nìkan. iPhone náà lè gba àkọọ́ǹtì Google wọlé, àwọn nọ́ńbà náà yóò sì jáde níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Ọ̀rọ̀ WhatsApp. Láti ọdún 2022 ni ọ̀nà ti ṣí láti kó o láti Android lọ sí iPhone, nípasẹ̀ áàpù tí Apple ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Move to iOS. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní òfin. Nọ́ńbà kan náà ni a gbọ́dọ̀ lò lórí méjèèjì. iPhone náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lò, tàbí èyí tí a ti pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ó bá ti fi ìwàǹwára bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó yóò ní láti pa á rẹ́ kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àwọn fóònù méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí iná, nítorí náà ẹni tí iná ilé rẹ̀ kò dúró kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láìní ohun tí yóò gbé e dé ìparí. Láti iPhone lọ sí Android, ọ̀nà ti wà láti ọdún 2021. Orí Samsung ni ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ti àkọsílẹ̀ owó àti àdéhùn, kí ènìyàn má gbára lé èyíkéyìí nínú wọn. Kí ó dà á kọ sínú ìwé, kí ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹnìkejì nínú ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹrin: Wàásí, ohùn àti ìwé tí ó wà lórí mẹ́mọ́rì káàdì. iPhone kò ní ojú ihò tí a lè ki mẹ́mọ́rì káàdì bọ̀. Kí a kó wọn sórí kọ̀ǹpútà tàbí sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó rìn. Ẹni tí ó ní áàpù Kùránì tàbí ti àkókò ìrun, kí ó mọ̀ pé àmì ibi tí ó kà dé lè má bá a lọ, àti pé ó ní láti tún ìlú rẹ̀ yàn kí àkókò ìrun àti kọjúsí Kíbúlà tó lè tọ́.

Ẹ̀karùn-ún: Áàpù báńkì. Ọ̀pọ̀ báńkì ni yóò béèrè ìfìdímúlẹ̀ mìíràn nígbà tí wọ́n bá rí fóònù tuntun. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ní àkókò yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, ìbáà jẹ́ olùtà fóònù tí ó ń ranni lọ́wọ́, ìbáà sì jẹ́ ẹni tí ó pè tí ó ní òun wà ní báńkì.

Ẹ̀kẹfà: Ẹni tí ó bá ń ti iPhone bọ̀ sí Android, kí ó pa iMessage kí ó tó yọ síìmù rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn oníPhone bá fi ránṣẹ́ sí i lè máa lọ sí ilé àtijọ́, níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni mọ́.

TÍTÀ ÀTI RÍRA

Ẹni tí yóò ta fóònù àtijọ́ rẹ̀ ní ojúṣe méjì. Ojúṣe àkọ́kọ́ jẹ́ sí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú rẹ̀. Kí ó yọ mẹ́mọ́rì káàdì àti síìmù, kí ó sì pa gbogbo inú fóònù rẹ́ fúnra rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún olùtà. Ojúṣe kejì jẹ́ sí ẹni tí yóò rà á. Kí ó kọ́kọ́ yọ àkọọ́ǹtì Apple tàbí ti Google rẹ̀ kúrò kí ó tó pa á rẹ́. Láti ọdún 2013 ni iPhone ti ní ìdè kan tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lè lò ó bí àkọọ́ǹtì oní-fóònù bá ṣì wà lórí rẹ̀. Android náà ti ní irú rẹ̀ láti ọdún 2015. Nítorí àwọn olè ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ tí kò mọ̀ lè tipa báyìí ta òkúta fún ọmọnìkejì rẹ̀. Bí bátìrì kò bá dúró mọ́, tàbí tí agbọ́hùn ń dákẹ́, kí ó sọ ọ́. Nínú òfin ẹ̀sìn, ẹni tí ó ra ọjà tí àbùkù rẹ̀ fara sin ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà.

Ẹni tí yóò ra tòkunbọ̀ náà, kí ó la ojú rẹ̀. Kí ó tẹ *#06#, kí ó sì wò ó bóyá nọ́ńbà tí ó jáde bá ti ara páálí àti ti inú fóònù mu. Kí ó ki síìmù tirẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ó pe ènìyàn níbẹ̀ kí ó tó sanwó, nítorí pé àwọn kan wà tí iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ òkè òkun ṣì de wọ́n mọ́ra. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé iPhone tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti orí iPhone 14 ti ọdún 2022 kò ní ihò síìmù rárá. eSIM nìkan ni ó ń lò. Kí ó béèrè fún rìsíìtì. Bí ẹni tí ń tà á kò bá lè ṣí i, tí owó rẹ̀ sì rọjú ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó rántí pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti sunkún lórí fóònù yẹn.

FÓÒNÙ ÀWỌN ÒBÍ

Ìyá kan lè wà ní Ifo tí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ìlú òyìnbó fi iPhone ránṣẹ́ sí. Ìfẹ́ ni ọmọ náà fi ṣe é. Àbúrò rẹ̀ tí ó wà nílé gba fóònù náà, ó ki síìmù ìyá bọ̀ ọ́, ó sì fún ọmọ aládùúgbò ní èyí àtijọ́. Ó ti ṣe tán lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ti mọ ibi tí òun yóò tẹ̀ lórí Tecno rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò tẹ̀ mọ́. Kò lè pe oníbàárà rẹ̀. Ó ń tijú láti béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ní alẹ́, ó pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní, “Níbo ni ohùn bàbá yín wà?”

Ohùn tí bàbá fi ránṣẹ́ ní oṣù tí ó ṣáájú ikú rẹ̀ ni ó ń béèrè, èyí tí ó máa ń gbọ́ lẹ́yìn ìrun Íṣáì. Ọmọ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nítorí pé kò béèrè.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá àwọn òbí rẹ̀ pààrọ̀ fóònù, kí ó kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n, kí ó sì wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ẹ fẹ́ kí ó bá yín lọ?” Kí ó fi ohun tí wọ́n bá dárúkọ hàn wọ́n lórí tuntun kí ó tó fi ọwọ́ kan àtijọ́. Kí ó mú kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Kí ó kọ́ wọn lónìí, kí ó tún kọ́ wọn lọ́la, láìpariwo, bí àwọn náà ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ láìpariwo. Bí wọ́n bá sì wí pé èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tẹ́ àwọn lọ́rùn, kí ó fi í sílẹ̀ fún wọn.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ má pààrọ̀ fóònù. Android kò sún ènìyàn mọ́ Ọlọ́hun, iPhone kò sì mú ènìyàn jìnnà sí I. Ilé ni àwọn méjèèjì. A máa ń wọ̀ ọ́, a sì máa ń jáde níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pinnu láti kó, kí ó wo orí àjà àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ó dá ìkòkò aládùúgbò padà. Kí ó gbá ilé náà mọ́ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Akápò tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò lè wo ojú ìyá opó. Ọmọ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò sun oorun àsùnwọra.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tí a lè fi nǹkan ṣọ́, kí Ó dárí jì wá níbi tí a ti sọ ohun oníohun nù láìmọ̀, kí Ó sì fún wa ní ọgbọ́n àti sùúrù láti tún un ṣe. Àmín.